Rẹ́tífáyà Ló Ṣẹ̀, Bátìrì Ni Wọ́n Ń Nà

Ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ajibode sí Ṣáṣá máa ń tètè mọ̀ bí táyà bá ń jò tàbí tí ṣéènì bá ń dún. Àìsàn iná kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ohùn fèrè á kọ́kọ́ há, sìgínà á dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, síbẹ̀ ọ̀kadà ṣì ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tó ti pẹ́, kọ́ìlì ọ̀tọ̀ ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Bátìrì ìbáà kú pátápátá, ẹni tó bá ta kíìkì yóò jí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dójú ẹ̀, bátìrì tuntun ni wọ́n ń sáré rà. Kò ní pẹ́, ìyẹn náà á tún kú.

Rẹ́tífáyà ló yẹ kí wọ́n ti fura sí. Àpótí kékeré ni, lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń yí po kọ́ìlì, iná tó ń jáde ń lọ, ó ń bọ̀. Bátìrì kò lè gba irú rẹ̀. Rẹ́tífáyà ló ń darí rẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń le sí i ni iná ń pọ̀ sí i, òun náà ló ń dènà àpọ̀jù, kí gílóòbù má baà jó, kí omi bátìrì má sì hó gbẹ. Àpọ̀jù yẹn di ooru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ní eegun-eegun, kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Ẹrẹ̀ òjò tó bá gbẹ mọ́ ọn lára ń sé ooru náà mọ́lé.

Ẹni tí gílóòbù iwájú rẹ̀ bá jó lálẹ́, lójú ọ̀nà tó ṣókùnkùn, tòun ti ọmọ iléèwé lẹ́yìn, ló mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó.

Tẹ́sítà ló ń parí àríyànjiyàn. Bátìrì fóòtì 12 tó yó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní pípa, yóò ka nǹkan bí 12.6. Bí wọ́n bá ta ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n yí tọ́rọ́tù díẹ̀, ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bí 13.5 sí 14.5. Bó bá kọjá 15, rẹ́tífáyà kò lè dènà mọ́. Bí kò bá gòkè rárá, ó lè jẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ kọ́ìlì, fíúsì, tàbí wáyà áàtì tó ti dípẹtà. Wáyà áàtì yìí ni wọ́n ń fojú fò jù.

Pípààrọ̀ rẹ́tífáyà kò le. Wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́, wọ́n á tú ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, wọ́n á fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yọ. Bí inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti jó dúdú, òun náà gbọ́dọ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń de rẹ́tífáyà mọ́ férémù, kí wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán. Àwọ̀ wáyà kò ṣeé gbọ́kàn lé: áàtì Honda jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Suzuki jẹ́ dúdú onílà funfun. Alùpùpù àtijọ́ tó ń lo fóòtì 6 kò sì gbọdọ̀ gba rẹ́tífáyà ti 12.

Kí wọ́n tó dé ìdérí ẹ̀gbẹ́ pa, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, kí tẹ́sítà tún padà sórí bátìrì. Bó bá ka nǹkan bí 14, tí omi bátìrì àtijọ́ kò sì tíì gbẹ, kí wọ́n fi òun náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fowó ra tuntun.