Sípíkà Mẹ́fà, Méjì Ló Ń Fọhùn



Ẹjọ́ kan dé iwájú ìgbìmọ̀ wa tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo wa. Ìyá aláṣọ kan yá owó ẹgbẹ́, ó fi ra ẹ̀rọ olóhùn mẹ́fà sí pálọ̀: sípíkà márùn-ún, pẹ̀lú ńlá kan tó ń dún kìjìkìjì. Òun ni wọ́n ń kọ 5.1 sí lára. Ọmọ ẹgbẹ́ wa náà ló tà á fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá ní ayédèrú ni. Méjì iwájú nìkan ló ń fọhùn, ohùn náà a sì máa já láàárín fíìmù. Ó ní òun ò san owó tó kù mọ́. Ẹni tó tà á ní ọjà òun pé. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A gbéra, ó di ilé ìyá.

Inú kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ ní yàrá ni fíìmù wà. Wi-Fi ló ń gbé e wá sí tẹlifíṣàn ní pálọ̀. Wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn ló so tẹlifíṣàn mọ́ ampilifáyà. A ní ká yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ẹ̀yìn wá.

Ampilifáyà ní ohùn ìdánwò tirẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, sípíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà pé lóòótọ́.

A kan tẹlifíṣàn. Níbi ètò ohùn, PCM ni wọ́n yàn. Ìyẹn ni pé tẹlifíṣàn ń tú ẹrù kó tó gbé e, ohùn méjì péré sì ni wáyà yẹn lè gbé ní títú. Bí ẹrù bá wà nínú ìdì rẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á kọjá, ampilifáyà á sì tú u. A yí i sí Bitstream (Pass-through ni ẹlòmíràn ń kọ), pálọ̀ sì gba ariwo. Àmọ́ yíyí yìí kò lè sọ fíìmù tí wọ́n ṣe ní olóhùn méjì di olóhùn mẹ́fà o.

Ó ku ohùn tó ń já. A da fíìmù kan náà sínú fláàṣì, a kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn: kò já rárá. Ọ̀nà ló bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ráútà wà, ògiri méjì sì dí i. 2.4 GHz ló ń lò, èyí tí Wi-Fi aládùúgbò àti máíkírówéèfù ìdáná náà ń lò. 5 GHz kò kún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró. A fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, a so ráútà mọ́ tẹlifíṣàn. Ó parí.

Ìyá ti ra dátà kún dátà nítorí èyí. Owó yẹn ṣòfò: fíìmù tó ti yàrá wá sí pálọ̀ kò jáde nílé, kò jẹ dátà.

Ìyá tọrọ àforíjì, ó sì ń san owó rẹ̀ lọ. A bá ẹni tó tà á náà wí, torí kò dán ọjà wò lójú ẹni tó rà á.

Ẹ̀yin tí ń tà, ẹ tàn án kẹ́ ẹ tó gbowó. Ẹ̀yin tí ń rà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó pariwo ayédèrú. Owó gbogbo wa ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́