Tíransífọ́mà tí Àdúgbò Dáwó Rà, Ta Ló Ni Ín?

Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ọ̀rẹ̀ tó dorí kọ ọ̀nà Benin, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Ilé iṣẹ́ amúnáwá méjì ló wà níbẹ̀ tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007, wọ́n kọ́ ọ láti máa mú mẹ́gáwáàtì 335 wá; èkejì, mẹ́gáwáàtì 450. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé kò yẹ kí òkùnkùn mọ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó rárá. Òkùnkùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní apá Òkìtìpupa, Irèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, àwọn ìlú àti abúlé kan wà tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba.

Ohun tó fà á ni pé iná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ti Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́. Bó bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, orí wáyà alágbára tí í ṣe kìlófóòtì 330 ló ń gùn, tí á sì wọ inú àpapọ̀ iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò ṣeé já sí ilé ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ gba ibùdó lẹ́yìn ibùdó kí agbára rẹ̀ tó rọlẹ̀ dé ìwọ̀n tí gílóòbù lè gbà. Òṣogbo ni ibùdó tó ń pín in wà. Nínú ìpín náà, ìdá 9 nínú 100 ni wọ́n là sílẹ̀ fún BEDC, ilé iṣẹ́ apínná tó ni Ẹdó, Délta, Oǹdó àti Èkìtì. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló ń jẹ nínú àwo kan yẹn. Ohun tó bá kù kí Ọ̀rẹ̀ tó nawọ́ ni Ọ̀rẹ̀ ń rí.

A ṣì ń pe àwọn apínná yìí ní NEPA o. NEPA ti di PHCN láti 2005, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó iṣẹ́ ìpínná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu wa, bóyá nítorí pé ẹni tó gbé àkàbà wá láti gé iná kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó jókòó sẹ́yìn káńtà ní ọ̀fíìsì wọn. Kì í ṣe òun ló pín iná l'Óṣogbo, kì í ṣe òun ló ń ti gáàsì pa ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, kò sì lè buwọ́ lu ìwé kí wọ́n gbé tíransífọ́mà tuntun wá. Owó ni wọ́n ní kó gbà. Ìdí nìyẹn tí àròyé ẹnu fi máa ń já sí ẹ̀bẹ̀: oníbàárà á ké, akọ̀wé á ní “ẹ ṣe sùúrù, mà á bá yín sọ fún ọ̀gá”, ọ̀gá á ní ọwọ́ olú ilé iṣẹ́ ní Benin ni ọ̀rọ̀ náà wà, Benin á ní iná tí wọ́n fún àwọn kò tó. Olúkúlùkù wọn lè má parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó, tí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò fi lágbára lórí ohun tí wọ́n ń ṣẹjọ́ lé lórí.

Ẹni tí kò ní mítà ni ìyà náà pọ̀ fún jù, nítorí bíìlì àfojúbù ni wọ́n ń fún un. Bí wọ́n ṣe ń bù ú rèé: ilé iṣẹ́ mọ iye iná tó gba orí wáyà kan wọ àdúgbò. Wọ́n á yọ iye tí àwọn onímítà lò kúrò, wọ́n á wá pín ìyókù fún àwọn tí kò ní. Inú ìyókù yẹn ni iná tí wọ́n jí wà, ibẹ̀ náà ni iná tó ṣòfò lórí wáyà gbígbó wà. Bí ọkùnrin kan ní òpópónà kejì bá fa iná gba ẹ̀yìn mítà láti fi lo éásì, bíìlì ìyá aláta tó ń tan gílóòbù méjì ló máa wú.

Lọ́dún 2020, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, fi òdiwọ̀n sí i: bíìlì ẹni tí kò ní mítà kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí àwọn onímítà tó wà lórí wáyà kan náà ń lò. Àṣẹ jáde, àwọn ilé iṣẹ́ ń bá tiwọn lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NERC bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 10.5 náírà fún gbogbo ilé iṣẹ́ apínná mọ́kànlá nítorí àṣejù yìí. Ìtanràn náà, ìdá 10 péré ni nínú 100 owó tí wọ́n gbé lé àwọn èèyàn lórí láìtọ́ láàárín oṣù mẹ́sàn-án ní 2023. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní bílíọ̀nù 100. NERC ní kí wọ́n yọ iye tó lé náà kúrò nínú àkáǹtì àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ṣì ní bíìlì ìgbà náà nílé lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n yọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bíìlì kò tíì dun àdúgbò tó tíransífọ́mà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn òpópónà wa ni ti 500 kVA. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń lo kìlówáàtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn áyọ́ọ̀nù kan, fíríìjì, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, nǹkan bí igba ilé ló lè gbé láìmí hẹlẹ. Ọ̀rẹ̀ kò sì dúró síbi tó wà. Àwọn tó ń la igi ń pọ̀ sí i, àwọn wẹ́dà ń pọ̀ sí i, ilé tuntun ń yọ lójú ọ̀nà Odìgbó, orí tíransífọ́mà kan náà ni wọ́n ń so gbogbo wọn mọ́. Òróró inú rẹ̀, tó yẹ kó máa tu ú lára, á gbóná. Bébà tó wé àwọn wáyà inú rẹ̀ á gbó díẹ̀díẹ̀ títí wáyà yóò fi kan wáyà. Fíùsì ló yẹ kó já kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí fíùsì bá ń já lójoojúmọ́, ẹnì kan á fi wáyà nínípọn rọ́pò rẹ̀ kí gbogbo wa lè sinmi. Gbogbo wa á sinmi lóòótọ́, títí di alẹ́ ọjọ́ tí tíransífọ́mà yóò jóná dípò fíùsì.

Ìgbà yẹn ni lánlọ́ọ̀dù á pe ìpàdé. Ọ̀fíìsì á ní kò sí tíransífọ́mà nílẹ̀, pé bí àdúgbò bá lè rà á, àwọn á bá wọn so ó. Wọn kì í kọ ìyẹn sínú ìwé. Ilé kọ̀ọ̀kan á dáwó, ayálégbé á san tiẹ̀, ẹni tí kò bá san, wọ́n á ní àwọn á já wáyà rẹ̀. Wọ́n á wá owó kíréènì, owó òpó, owó àwọn tó máa so ó. Bí iná bá sì ti wọ inú rẹ̀, ó di ti ilé iṣẹ́. Bíìlì oṣù tó tẹ̀ lé e kò ní dín kọ́bọ̀.

Nínú àwọn ẹ̀tọ́ oníbàárà tí NERC tẹ̀ jáde, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà tàbí àdúgbò láti ra tíransífọ́mà, òpó tàbí wáyà tí wọ́n fi ń pín iná, tàbí láti tún wọn ṣe. Bí àdúgbò bá yàn láti rà á, ìlànà ọdún 2015 lórí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ ní kí àdúgbò àti ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí bí owó náà yóò ṣe padà. Èmi gbà pé ìwé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni àdúgbò kì í sábà béèrè.

Lórí bíìlì pẹ̀lú, ohun tó bá wà níwèé ló ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò ní mítà tó bá ń jiyàn bíìlì lẹ́tọ̀ọ́ láti má san èyí tó ń jiyàn lé lórí. Bíìlì tó gbẹ̀yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni yóò san títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọn kò sì gbọdọ̀ gé iná ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fún un níwèé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kò sí fún ẹni tó lọ pariwo ní káńtà tó sì padà sílé. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ ní kí wọ́n tẹ sítáǹpù sórí ẹ̀dà tiyín. Kí ẹ tó gba ìyẹn lè gba agídí díẹ̀.

Iná tí kò wá ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ojú ọjọ́ bá dára tí iná sì lọ ju wákàtí 12, òfin ní kí ilé iṣẹ́ san owó fún oníbàárà. Tiwa, lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, èyí tó ga jù nínú ìsọ̀rí tí wọ́n pín àwọn oníbàárà sí, tí wọ́n ń san 225 náírà lórí yúníìtì kan nígbà náà, ló yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìrí i, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹni tí bátìrì fóònù rẹ̀ ti kú lè lọ kà á. Ìsọ̀rí E, tó kéré jù, wákàtí mẹ́rin ni tiwọn.

Ní báyìí, ibi tí ẹjọ́ ń lọ ti yí padà. Òfin iná ọdún 2023 gba ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣàkóso iná tirẹ̀. Ní 2024, NERC pàṣẹ pé kí àkóso ọjà iná Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lọ́wọ́ òun, kó bọ́ sọ́wọ́ OSERB, àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ OSERB ní Àkúrẹ́ ni àròyé Ọ̀rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ NERC ní Abuja mọ́. Àkúrẹ́ sún mọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọ tuntun ni, ó sì ní àṣẹ láti di àwọn ẹ̀tọ́ tí mo kà sókè yìí mú tàbí láti fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì gba èsì níwèé.

Àṣẹ kan náà ní kí BEDC dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún Oǹdó nìkan, kí wọ́n sì to gbogbo dúkìá tó wà ní ìpínlẹ̀ náà sínú ìwé: wáyà, òpó, tíransífọ́mà. Bí àdúgbò kan l'Ọ́rẹ̀ tàbí Odìgbó bá ti dáwó ra ọ̀kan tí kò sì sí ìwé àdéhùn nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dúkìá ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn tó ní àdéhùn ni kí wọ́n tètè mú ẹ̀dà rẹ̀ àti rìsíìtì lọ sí Àkúrẹ́.