Ẹni Mẹ́ta, Ìbọn Mẹ́ta: Ta Ni Yóò Kù?

Àwa mẹ́ta la du ipò alága ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Èmi ni agbára mi kéré jù, síbẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ gbógun ti ẹni tó lágbára jù. Mo fìdí rẹmi. Ìṣirò kan ló là mí lójú.

Ọdẹ mẹ́ta kojú ìbọn síra wọn. Àlàbí kì í tàsé. Bí Bádé bá yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, méjì á bà. Ti Délé, ẹyọ kan. Délé ló máa kọ́kọ́ yìn, lẹ́yìn náà Bádé, kó tó kan Àlàbí, títí á fi ku ẹnì kan.

Ta ni kí Délé yìnbọn fún? Kò sí o! Bó bá pa Bádé, Àlàbí á pa á. Bó bá pa Àlàbí, Bádé ló kàn. Kó yìn ín sí òfúrufú! Bádé á kọjú sí Àlàbí, torí òun ló léwu jù. Bó bá tàsé, Àlàbí á pa á. Délé ló tún kàn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù níwájú rẹ̀.

Bí a bá pín àǹfààní àtiyè sí 63, Délé á ní 25, Bádé 24, Àlàbí 14 péré!

Ẹ má pè é lójo o. Bó bá ti ku ẹni méjì, ó gbọ́dọ̀ yìn ín gidi. Èmi ni mo yára yìn.