Agbóhùnsétí Olówó Pọ́ọ́kú fún Iṣẹ́ Díjéè: Ìperí Márùn-ún fún Wíwọn Ìwúlò Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díjéè ra agbóhùnsétí olówó pọ́ọ́kú, tàbí kí ó tu owó jọ fún èyí tí ó wọ́n? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni ó wà nídìí rẹ̀. Ohun tí a kọ sára páálí ọjà náà ni ọ̀pọ̀ òǹrà fi ń ṣe ìpinnu, ìperí sáyẹ́ǹsì ni ó sì kún ara páálí náà. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ìperí wọ̀nyí túmọ̀, owó ẹlòmíràn ni yóò bá a lọ. Nígbà mìíràn, etí onítọ̀hún pẹ̀lú.

2. Orúkọ ohun èlò náà

Hẹ́ẹ̀dìfóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. A kò bá ọ̀rọ̀ àyálò náà jà, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ tí ohun èlò náà ń ṣe. Èdè wa ti ní agbóhùnsáfẹ́fẹ́, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara 'gbé ohùn sí afẹ́fẹ́'. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, 'gbé ohùn sí etí' yóò fún wa ní agbóhùnsétí. Ní ti díjéè, a fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò, nítorí pé ó ti di orúkọ iṣẹ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbóhùnsétí òde òní, òòfà kan wà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká wà nítòsí òòfà náà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì so mọ́ wáyà yìí. Bí iná tí ó gbé orin bá ń gba inú wáyà kọjá, wáyà náà a máa sún síwá sẹ́yìn lẹ́bàá òòfà. Awọ yóò wá máa gbọ̀n, yóò sì máa dún gẹ́gẹ́ bí awọ ìlù ti ń dún.

3. Iṣẹ́ tí díjéè ń fi í ṣe

Ní 1910 ni Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà rà. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ní 1958 ni John Koss gbé tirẹ̀ jáde ní Milwaukee, fún ẹni tí ó fẹ́ jókòó gbádùn orin. Iṣẹ́ àti orin pàdé nínú agbóhùnsétí díjéè. Bí orin kan ti ń dún fún àwọn alárìíyá lọ́wọ́, díjéè ti ń fi etí kan gbọ́ orin tí ó kàn, kí ó lè mú ìlù àwọn méjèèjì bá ara wọn dọ́gba kí ó tó ṣí èkejì sílẹ̀ fún ayé gbọ́. Nítorí náà, adùn ohùn nìkan kò tó láti fi wọn agbóhùnsétí tirẹ̀. Ìperí márùn-ún tí ó tẹ̀lé e yìí ni a dábàá.

4. Àwọn ìperí náà

(a) Ìsé-ariwo. Láti ara 'sé', gẹ́gẹ́ bí a ti ń sé omi, ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Òun ni agbára tí agbóhùnsétí ní láti má ṣe jẹ́ kí ariwo ìta wọlé sí etí. Agbóhùnsétí ẹlẹ́yìn dídí ní ju ẹlẹ́yìn ṣíṣí lọ, nítorí pé ihò wà lẹ́yìn ti ìkejì yìí tí ohùn ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Bí tìmùtìmù etí rẹ̀ bá fún dáadáa, ìsé-ariwo á pọ̀ sí i. Èyí kò fi dandan béèrè owó ńlá; àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n ní in.

(b) Ìtètèdún. Àwọn kan lè fẹ́ pe èyí ní 'ìmọ̀lára'. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ohun abẹ̀mí ni ó ń ní ìmọ̀lára. Ohun tí a ń wọ̀n níbí ni bí agbóhùnsétí ṣe máa dún sókè tó bí a bá fún un ní ìwọ̀n iná kan. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń kà á. Kí òǹrà ṣọ́ra níbí: ilé iṣẹ́ kan lè kà á fún mílíwáàtì kan, kí òmíràn kà á fún fóòlútì kan. Agbóhùnsétí olóòmù 32 tí ó ń dún ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 fún mílíwáàtì kan yóò dún ní nǹkan bíi 115 fún fóòlútì kan. Ohun èlò kan náà ni. Ẹni tí kò bá wo ohun tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà yóò rò pé èkejì ju èkíní lọ.

(d) Ìdíwọ́-iná. Èyí ni bí agbóhùnsétí ti ń dí iná orin lọ́wọ́ tó. Óòmù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe òṣùwọ̀n dídára. Ohun tí ó ń sọ ni irú ẹ̀rọ tí ó lè ru agbóhùnsétí náà: èyí tí ìdíwọ́-iná rẹ̀ pọ̀ gan-an lè máà dún sókè tó lára ẹ̀rọ tí kò lágbára.

(e) Gbèǹdéke iye-ìgbọ̀n. Iye-ìgbọ̀n ni iye ìgbà tí ohun kan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; hẹ́ẹ̀tísì ni a fi ń kà á. Etí ọmọ ènìyàn tí ó jí pépé ń gbọ́ láti nǹkan bíi hẹ́ẹ̀tísì 20 títí dé 20,000. Nọ́ńbà méjèèjì yìí gan-an ni a sábà ń rí lára páálí, ìbáà jẹ́ ti olówó ńlá tàbí ti olówó pọ́ọ́kú. Bí a kò bá sọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí ohùn fi ń lọ sókè tàbí sódò láàárín gbèǹdéke náà, kò sí ohun tí ó lè kọ́ òǹrà. Ó dà bí ìgbà tí a sọ pé ọ̀nà kan lọ láti Ìbàdàn dé Èkó, tí a kò sọ bóyá kòtò wà lójú ọ̀nà.

(ẹ) Àlòpẹ́. Ìperí yìí kì í sábà sí lára páálí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó ń ya ọ̀pọ̀ olówó ńlá sọ́tọ̀. Díjéè ń yí etí agbóhùnsétí kan sẹ́yìn, ó ń fà á, ó ń gbé e kọ́rùn, ó ń jù ú sínú àpò. Oríkèé rẹ̀ àti ìdí wáyà rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àpẹẹrẹ dáadáa ni HD 25 tí Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní 1988. Ìdíwọ́-iná rẹ̀ jẹ́ óòmù 70, kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 140 lọ láìka wáyà; ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àwọn díjéè fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe é tú, ó sì ṣe é pààrọ̀.

5. Bí a ó ti ṣe ìdájọ́

Àwọn àgbà ní, 'Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.' Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí a ná ni ó ń wọ inú ọbẹ̀. Nínú ìperí márùn-ún wọ̀nyí, ìsé-ariwo, ìtètèdún àti àlòpẹ́ ni ó yẹ kí díjéè máa ná owó lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpèjúwe. Ká ní olówó pọ́ọ́kú kan lò tó oṣù mẹ́fà, tí olówó ńlá tí iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin sì lo ọdún mẹ́ta. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, ẹni tí ń ra olówó pọ́ọ́kú yóò ra á lẹ́ẹ̀mẹfà. Òun gan-an ni ó ná owó jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ó ń ṣeré, tí ti ọwọ́ rẹ̀ sì lo ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò rà á. Olówó pọ́ọ́kú ni ó gbè é. Nítorí náà, kí òǹrà béèrè pé mélòó ni yóò ná án lóṣù, kí ó má ṣe dúró sórí iye tí wọ́n pè é.

Ìyẹn nípa owó. Ti etí kò ní ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí ìsé-ariwo bá kéré, díjéè yóò máa yí ohùn sókè kí ó lè borí ariwo òde. Àjọ tí ń ṣèwádìí nípa ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NIOSH, gbà á nímọ̀ràn pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe wà nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta bá ti lé e, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì, nígbà tí ó bá fi máa dé 100, ó ku ìṣẹ́jú 15. Oríkèé tí ó ṣẹ́ ṣe é pààrọ̀. Etí tí ariwo bà jẹ́ kò ṣe é pààrọ̀.

Kí òǹrà mú orin tí ó mọ̀ dunjú lọ sí ìsọ̀. Kí ó gbé agbóhùnsétí náà wọ̀ níbi tí ariwo wà, kí ó wò ó bóyá òun gbọ́ ìlù ìsàlẹ̀ yékéyéké láìyí ohùn sókè púpọ̀. Kí ó yí etí rẹ̀ kan síwá sẹ́yìn, kí ó rọra mi ìdí wáyà bí orin ti ń lọ. Bí ohùn bá ń já, kí ó dá a padà. Kí ó sì béèrè bóyá wáyà àti tìmùtìmù rẹ̀ ṣe é rà lọ́tọ̀.

6. Ìkádìí

Ìdáhùn wa ni pé olówó pọ́ọ́kú tó rà fún ẹni tí kò tíì máa ṣeré lemọ́lemọ́, bí ó bá ti ń sé ariwo dáadáa, tí ó ń tètè dún, tí wáyà rẹ̀ sì ṣe é yọ. Èyí tí kò bá lè sé ariwo kò tó rà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta ènìyàn lọ́rẹ̀ẹ́.

Ní ti àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ìperí tọ́ka sí iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ìtètèdún yóò béèrè pé, 'Dún tó báwo, pẹ̀lú iná mélòó?' Ẹni tí ó gbọ́ ìmọ̀lára kò ní mọ ohun tí yóò béèrè, yóò kàn sanwó ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìperí tí ó dára ju èyí tí a dábàá wọ̀nyí lọ, kí ó gbé e wá, kí á jọ gbé e yẹ̀ wò.