Ilé Títà àti Owó Ìfọwọ́sí: Ta Ni Ń Ru Ẹrù Rẹ̀?

Nígbà tí wòlíì Jeremáyà ra oko Anatoti lọ́wọ́ ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, ó wọn ṣékélì fàdákà 17, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, a sì fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. A kò kà á níbẹ̀ pé ìjọba gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ní tiwa, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilé ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò bá Òfin Ìlò Ilẹ̀ pàdé, èyí tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Èyí tí a ní nípa àṣà ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fọwọ́ sí tirẹ̀. Ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ìfọwọ́sí wà, owó òǹtẹ̀ wà, owó ìforúkọsílẹ̀ wà, kí a tó wá kan ti agbẹjọ́rò àti ti awọnlẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé, "Ẹni tí ó rà ni yóò san án, kí ni ó kan ẹni tí ó tà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Gbogbo owó tí yóò jáde lápò olùrà ni ó ń kà. Bí ó bá ní ₦10,000,000, tí owó ìjọba sì jẹ́ 13 nínú 100, iye tí ó lè fún onílé kò ju nǹkan bí ₦8,850,000 lọ. Bí ó bá jẹ́ 3 nínú 100, yóò lè fún un ní nǹkan bí ₦9,700,000. A kò ṣàdédé mú iye méjèèjì yìí. Ní oṣù Kíní 2015 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó rẹ irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 13 sí 3. Nǹkan bí ₦850,000 ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó lè dúró de olùrà mìíràn lè kọ̀ láti ru ẹrù náà. Opó tí ń wá owó ilé-ìwòsàn kò lè dúró.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, olùrà ni òfin ní kí ó san owó òǹtẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Keje 2020 lórí ilé tí kò ju £500,000 lọ, iye owó ilé gòkè. Ìdí mìíràn wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tà rí ìpín tiwọn nínú ohun tí a fojú fò fún olùrà.

Ní ìlú wa, ẹrù kan wà ṣáájú ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn tí ó lọ ṣòwò ní Òkè Ọya àti ní Gánà kọ́. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì ní 1969, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn padà wá bá. Bí baba bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé di ti ẹbí, títà rẹ̀ kò sì dúró bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí kò bá fohùn ṣọ̀kan. Ìfohùnṣọ̀kan náà a máa ní owó tirẹ̀, èyí tí a kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òfin kankan!

Nígbà tí a bá san ìyẹn tán, ọ̀pọ̀ a fi ìwé àdéhùn lásán parí ọ̀ràn. Ewu rẹ̀ hàn ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. A fi ilé ṣe ìdúró fún owó báǹkì láìgba ìfọwọ́sí gómìnà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì pinnu pé ìdúró náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bákan náà ni òfin ka títà. Ilé tí a rà lówó pọ́ọ́kú nítorí àìnífọwọ́sí, owó pọ́ọ́kú ni a ó tún tà á.

Ní 1995, ilé-ẹjọ́ kan náà là á yé wa pé a lè ṣe àdéhùn ṣáájú ìfọwọ́sí, ṣùgbọ́n títà náà kò parí títí a ó fi rí i gbà. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ sì ni òfin ní kí ó tọrọ rẹ̀, kì í ṣe olùrà. Nítorí náà, kí ẹni tí ń tà kọ́kọ́ bèèrè iye gbogbo owó wọ̀nyí lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó dá iye lé ilé rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹni tí yóò san èyí àti ẹni tí yóò san èyíinì, àti ọjọ́ tí a ó san án.