Èdè-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà àti Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́kọ́ńdírì

1. Ìfáárà

Ètò ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí ó sì yege. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni ètò náà dúró sí. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé (1984) àti Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú wọn wúlò púpọ̀ fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti olùkọ́ oúnjẹ kò rí tiwọn níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ méjèèjì yìí nílò ni kò yẹ kí a jókòó sínú ọ́fíìsì máa ṣẹ̀dá. Wọ́n ti wà lẹ́nu agbẹ́gilére, aláró àti alásè. Iṣẹ́ wa ni láti ṣà wọ́n jọ, kí a tò wọ́n, kí a sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun níbi tí àlàfo bá wà ní tòótọ́.

2. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́-ère nínú kíláàsì

Aina Onabolu (1882–1963) ni a mọ̀ sí ẹni tí ó mú ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà wọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní Èkó. Ó fi ọwọ́ líle mú ẹ̀kọ́ nípa bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú ẹni tó ń wò ó, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi orúkọ tí ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pe òun fúnra rẹ̀. A kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó gba ipò orúkọ yẹn; a dábàá “ìwòjìnnà”. Àlàfo gidi nìyí, nítorí pé ọgbọ́n náà kò sí nínú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà wa àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpele iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Fadá Kevin Carroll, ẹni tí ó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 1947, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí wọ́n ń tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967. Èkíní ni ọnà lílé, níbi tí a ti ń gé igi náà títí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi yà sọ́tọ̀. Èkejì ni àlétúnlé, tí a fi ń ya imú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí a fi ọ̀bẹ ṣe irun, ilà àti ọ̀ṣọ́. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe ya ìpéǹpéjú kí ó tó mọ ibi tí orí yóò wà ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́: “O kò tíì lé ọnà tán, o ti ń fín.”

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra ni ọ̀rọ̀ “ọnà” fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń lò ó fún bátànì tí ó wà lára aṣọ, wọ́n sì tún ń lò ó fún ètò tí a yà sórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan méjì ni. A dábàá pé kí “ọnà” dúró fún ti àkọ́kọ́, kí “ìlàsílẹ̀” sì dúró fún ti èkejì.

3. Iná, omi àti epo

Nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe wa pọ̀, wọ́n sì mọ́ gaara. Ohun tí a fi omi ṣe ni a ń sè. Èyí tí a kàn tì bọ omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ̀fọ́, ni a ń bọ̀. Ohun tí a fi epo tàbí òróró ṣe, bí àkàrà àti dùǹdú, ni a ń dín. Iṣu tí a fi sínú ẹ̀yinná, sísun ni. Ẹ̀pà tí a fi sínú ìkòkò gbígbẹ, láìsí omi, láìsí epo, yíyan ni. A ń ro àmàlà, a sì ń tẹ ẹ̀bà.

Ẹ jẹ́ kí a wo gàrí. Yíyan ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ti gàrí àti ti àkàrà. Ọmọ tí ó ti wo ìyá rẹ̀ títí lẹ́bàá agbada á wá kọ́ ní kíláàsì pé ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí kí a fi òróró gbígbóná se nǹkan, yóò sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ péye ju ohun tí a fún un lọ.

Àlàfo wà níhìn-ín pẹ̀lú. A ń sọ pé a se ẹ̀wà, a sì ń sọ pé a se mọ́ín-mọ́ín, bẹ́ẹ̀ ni ooru omi ni ó ń mú èkejì jinná. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé fítámìn C máa ń yọ́ sínú omi tí a fi se ẹ̀fọ́, a sì máa ń dà á nù. A dábàá “ìfoorusè”.

4. Ọ̀rọ̀ kan fún kíláàsì méjì

Ìṣòro tí ó le jù ni orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá rẹ àgbàdo fún ògì. Àwọn olùtumọ̀ kan ń pè é ní “kíkan”. Òótọ́ ni pé ògì ń kan, ẹmu náà ń kan. Ṣùgbọ́n irú tí a fi ń se ọbẹ̀ kì í kan. Òdìkejì ni ó ń dà, ó ń súnmọ́ ìwà omi eérú. “Wíwú” kò ju ọ̀rọ̀ búrẹ́dì lọ. Ẹ sì wo ìkòkò aró: ewé èlú tí a gún, tí a rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí kan náà ni ó ń mú kí aró ríbi wọ inú aṣọ. Aṣọ náà á jáde ní àwọ̀ ewé tí ó pọ́n díẹ̀, atẹ́gùn á sì sọ ọ́ di dúdú aró. Olùkọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti olùkọ́ ògì nílò ọ̀rọ̀ kan náà.

A gbé “ìfikòkòròyí” yẹ̀ wò. Ó péye, ṣùgbọ́n “kòkòrò” létí òbí kì í ṣe ohun tí a ń fẹ́ nínú oúnjẹ. Nítorí náà a dábàá “ìyídà”, kí a sì fi ẹ̀yà rẹ̀ kún un: ìyídà kíkan fún ògì, ìyídà wíwú fún búrẹ́dì, ìyídà aláìkan fún irú àti aró. Kí olùkọ́ máa fi “jíjẹrà” kọjú sí i nígbà gbogbo: ìyídà ni èyí tí a fẹ́, tí a sì ń ṣọ́, jíjẹrà ni èyí tí ó lè pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó fàyè gba èdè abínibí nínú kíkọ́ ọmọ. Ẹnìkan lè wí pé kí ni a tún ń wá èdè-ìperí fún. Èsì wa ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ yé òun yóò máa yà sí Yorùbá. Bí ó bá yà sí i láìní ọ̀rọ̀ tí ó péye, àdàlù ni yóò fi kọ́ni.

Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ méjì. Kí ó sì kọ àbá wa yìí sí ojú pátákó kí ó tó gbà á. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó kọ̀wé sí wa, kí a jọ wá òmíràn.