Idà àti Ọ̀bẹ Ojú Ogun

Ohun tí a fi irin rọ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni òkìkí wọn kàn tó ti idà. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ohun méjì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò: èkíní ni bí a ti ṣe é, èkejì ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sì í fi gbogbo ìgbà bára mu.

Idà ní ojú tí ó fi ń gé nǹkan, ó ní ṣóńṣó tí ó fi ń gún nǹkan, ó ní ẹ̀yìn tí ó fún un ní agbára, ó sì ní èèkù tí ọwọ́ ń dì mú. Inú àkọ̀ ni a ń fi í sí kí ó má baà ṣe ẹni tí ó gbé e léṣe. Iṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí ó ṣe ni ó ń sọ irú èyí tí yóò rọ. Bí irin bá nípọn, tí ó sì wúwo níwájú, gígé ni ó dára fún; bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì mú, gígún ni ó dára fún. Ó ṣòro kí ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣe méjèèjì dáradára. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí ó bá le jù a máa ṣẹ́, èyí tí ó bá sì rọ̀ jù a máa tẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa àwọn ohun ìjà àtijọ́. Ó dárúkọ ọrun àti ọfà olóró, ó dárúkọ jọmọ, èyí tí í ṣe idà kúkúrú, ó sì dárúkọ ogbó, àdá wúwo tí àwọn mẹ̀kúnnù ń lò. Ẹ kíyè sí èyí pé àdá oko kò jìnnà sí àdá ogun.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkìkí idà ti pẹ́ ju ogun tí a lè ka ọdún rẹ̀ lọ. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí ojú Odùduwà ń ṣe bàìbàì, Ajíbógun ni ó lọ bu omi òkun wá láti fi wò ó sàn. Nítorí náà ni a fi ń pe Ọwá ní Ọbòkun. Kí ó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán. Idà ni Odùduwà fi lé e lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí idà fi jẹ́ àmì àṣẹ fún Ọwá ju ohun ìjà lásán lọ.

Ṣùgbọ́n ogun kì í wo òkìkí. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pàdé ogun Ìbàdàn. Ìbàdàn kọlu ibùdó wọn lóru, nígbà tí ẹṣin kò lè ṣe ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ìbọn ni ó gba ipò iwájú. Ìró ìbọn náà ni ó bí orúkọ Kírìjì. A ti ń jà láti 1877, a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀bẹ méjì gba òkìkí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ti Fairbairn àti Sykes, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní nǹkan bí 1941: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú lójú méjèèjì, fún gígún ní pàtàkì. Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ a máa ṣẹ́ bí a bá fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní Ka-Bar, tí ó nípọn jù ú lọ. Agolo oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣí, wọ́n a sì fi gé igi. Ní Burma, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, gbé àdá lọ. Wọ́n wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà nǹkan bí máìlì 75 já igbó àti òkè, kí ọkọ̀ lè gbà á dé àfonífojì Kaladan ní 1944. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ àdá yìí gba ẹ̀mí là ju iye tí ọ̀bẹ olókìkí pa lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò ṣòro. Ìròyìn ogun a máa fi ìyìn fún irin, ó sì máa ń gbàgbé ọwọ́ tí ó dì í mú àti ẹni tí ó gbà á lára. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀bẹ ṣe fáàrí láàárín ẹgbẹ́ kò tíì mọ ohun tí idà jẹ́. Àwọn àgbà sọ pé, "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́." Irin tí ó ro oko, tí ó la ọ̀nà, tí a sì lè fi búra ní ilé-ẹjọ́ ní orúkọ Ògún láti sọ òtítọ́, iyì tirẹ̀ ni ó tọ́jọ́.